Orúnkún Ló Ń Ké, Itan Ló Ń Sùn

Lẹ́tà yín ń wọlé bí òjò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mẹ́ta ni mo mú lọ́sẹ̀ yìí. Àgbègbè kan náà ni wọ́n ti wá, Ore àti Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú gbà wọlé.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ awakọ̀ akérò. Ore sí Èkó, Ore sí Bìní, ọ̀nà tó ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó kọ̀wé báyìí pé: "Orúnkún ọ̀tún mi ti ń ro mí láti ọdún tó kọjá, ó sì máa ń wú. Bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, àfi kí n di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Mo ń rìn yí pápá ká láràárọ̀, mo tún ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Oṣù méjì rèé, kò sí àyípadà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé itan ọ̀tún mi ti tín-ín-rín ju ti òsì lọ. Ìyàwó mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Bí mo bá jókòó, ta ni yóò san owó ilé ìwé àwọn ọmọ?"

Ẹnìkejì jẹ́ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò ní Ore. Ìyá ní: "Láti ìdájí títí di alẹ́ ni mo ń dúró, tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Kí ló wá dé tí mi ò lè dìde lórí àpótí láìfi ọwọ́ méjèèjì ti itan? Ṣé ìrìn mi kò tó eré ìdárayá ni?"

Ẹnìkẹta jẹ́ ọmọ ilé ìwé gírámà ní Odigbo, agbábọ́ọ̀lù ni. Ó ní: "Mò ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ni ẹ̀yìn itan mi dún pàù. Ó san, mo padà sí pápá, ó tún já. Ẹ̀gbọ́n, ìgbà 100 ni mo máa ń lóṣòó dìde lójoojúmọ́ o! Kí ló kù tí mi ò ṣe?"

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ó lé kú, ìjà Ore. Ogun 1967 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìjà tí mo rí nínú àwọn lẹ́tà yìí kò ní ìbọn nínú, ṣùgbọ́n ìjà ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ iṣẹ́, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ náà fẹ́ kọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ìdáhùn mi fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ọ̀kan lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń mì ni itan ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn lè ṣe eré ìdárayá títí òógùn yóò fi bò ó, kí iṣan tí ó yẹ kí ó jí ṣì máa hanrun. Bí ẹ ṣe dúró, bí ẹ ṣe tẹ̀, bí ẹ ṣe yára sí, ìwọ̀nyẹn ló ń sọ iṣan tí yóò gbọ́ ìpè.

ÀWỌN WO LÓ WÀ NÍNÚ ITAN?

Ẹ gbé ọwọ́ lé iwájú itan yín. Iṣan mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹran líle tó ń fa egungun ni mò ń pè ní iṣan o, kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ń pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní quadriceps. Wọ́n para pọ̀ di okùn kan ṣoṣo tó gba orí egungun róbótó iwájú orúnkún kọjá, tó sì lọ so mọ́ egungun ojúgun. Àwọn ló ń na orúnkún. Àwọn náà ló ń dì í mú kí ó má yẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju àwọn yòókù lọ, òkè lọ́hùn-ún ní ìgbáròkó ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó tún máa ń bá wa gbé itan sókè.

Ẹ̀yìn itan ní mẹ́ta tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hamstrings. Àwọn yìí ló ń ká orúnkún, tí wọ́n sì ń fa itan sẹ́yìn. Inú itan ní àwọn tirẹ̀, tí ń pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Lókè pátápátá lẹ́yìn ni iṣan ìdí wà, èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣan ara ènìyàn. Bí ìdí bá ń ṣọ̀lẹ, itan àti ẹ̀yìn ni yóò máa bá a ru ẹrù rẹ̀.

BÍ ỌPỌLỌ ṢE Ń BẸ ÈNÌYÀN LỌ́WẸ̀

Iná ló ń jí iṣan. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Luigi Galvani, ní ìlú Bologna, ló rí i pé itan ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú máa ń ta pọ́n-ún bí iná bá kàn án. Ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1791. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń mọ̀ pé iná kékeré ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí iṣan. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tó ń gbọ́ iná yẹn, tó sì ń fi hàn bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Inú iṣan kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọpọlọ kì í pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ro ebè mẹ́wàá péré, ṣé ẹ óò bẹ gbogbo abúlé lọ́wẹ̀ ni? Àwọn ọmọ inú ilé ti tó. Ìgbà tí oko bá di ńlá ni ẹ óò ránṣẹ́ sí àwọn géńdé. Báyìí gan-an ni ọpọlọ ṣe ń ṣe. Fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn fọ́nrán kéékèèké ló ń pè. Bí ẹrù bá wúwo sí i, yóò pe àwọn tó tóbi. Àwọn géńdé tí a kì í pè rárá, wọ́n á rù, wọ́n á gbàgbé ọ̀nà oko.

Ìyá olóúnjẹ, ìdáhùn yín rèé. Ìrìn orí ilẹ̀ tó tẹ́ dára fún ọkàn, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kékeré ni lójú itan. Àwọn ọmọ inú ilé nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn géńdé tó yẹ kí wọ́n gbé yín dìde lórí àpótí kò gbọ́ ìpè kankan láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ dìde, tí ẹ fi ọwọ́ ti itan, ọwọ́ ti gba iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Tiyín náà rèé, bàbá awakọ̀. Ní gbogbo wákàtí tí ẹ fi ń wa mọ́tò, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àfi bí ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an. Ìjókòó ni itan jókòó. Ẹsẹ̀ tí ẹ sì ń jù síwá sẹ́yìn láràárọ̀ kò wúwo tó ìpè. Ìjùjù ló ń gbé e lọ, iṣan kọ́.

INÁ WÀ NÍ OMOTOSHO, ILÉ ṢÓKÙNKÙN

Ó ku ìdí kan tí itan bàbá awakọ̀ fi ń tín-ín-rín. Ẹ̀yin ará Ore mọ Omotosho dáadáa, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná ìjọba, tí kò jìnnà sí yín rárá. Ẹ sì mọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ iná wà nítòsí kò ní kí iná wà nínú ilé. Ilé iṣẹ́ lè máa kùn, wáyà lè nà tàntàn lókè, kí gílóòbù inú yàrá ṣókùnkùn biribiri.

Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún tó wú ṣe máa ń ṣe itan. Nígbà tí omi bá gbá jọ sínú oríkèé, orúnkún á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kí wọ́n dín iná iwájú itan kù. Iṣan wà, kò já. Ọpọlọ wà, kò ṣàìsàn. Wọ́n kàn dín iná kù ni. Ní 1984, àwọn oníwádìí tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi omi iyọ̀ sínú orúnkún àwọn tí ara wọn le. Mílílítà 20 sí 30 péré, bíi ṣíbí tíì mẹ́rin sí mẹ́fà, ti tó láti mú kí iṣan apá inú lórí orúnkún rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e nígbà tí omi náà tó bíi 50 sí 60.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń yí. Orúnkún ro, ó wú. Ó wú, iná itan dín kù. Iná dín kù, itan rọ. Itan rọ, gbogbo ìkọlù ìgbésẹ̀ bọ́ sórí orúnkún. Orúnkún tún ro sí i. Bí aláìsàn bá wá jókòó jẹ́ẹ́ sílé bí ìyàwó ṣe wí, ìfẹ́ ni ìyàwó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n itan yóò túbọ̀ sùn ni. Orúnkún ló ń ké, itan ló ń sùn. Ẹni tó ń sùn ni ká jí.

IPÒ ARA LÓ Ń PÍN IṢẸ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń ro gan-an. Ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ na ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ẹ ká aṣọ ìnura sí abẹ́ orúnkún, kí ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé iwájú itan, kí ẹ mọ̀ bóyá ó le bí okúta. Ẹ ka ení, èjì, títí dé márùn-ún, kí ẹ tó tú u. Bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ lábẹ́ ọwọ́, kò tíì jí, ẹ gbìyànjú sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ sùn sílẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ wá gbé èyí tó ń dùn yín sókè ní nínà gbọnrangandan, bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣe ga mọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Iwájú itan nìyẹn, láìsí pé orúnkún ru ẹrù ara.

Nígbà tí ìyẹn bá ti rọrùn, àga ló kàn. Ẹ jókòó sétí àga tí kì í mì, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni jíjókòó padà. Wọ́n á kàn já lu àga gbì! Rárá o. Ẹ ka dé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ìdí tó kan àga. Awakọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ kì í jọ̀wọ́ mọ́tò sílẹ̀, gíà àti bíréèkì ni ẹ fi ń dá a dúró. Iwájú itan ni bíréèkì ara. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń nà tó sì tún ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yìí ni bàbá ń lò láti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, òun gan-an ni kò sì rí kọ́ nínú ìrìn àyíká pápá.

Àṣírí míì rèé. Bí ẹ bá na àyà sókè nígbà tí ẹ ń lóṣòó, tí orúnkún sì lọ síwájú, iwájú itan ló ń gba ẹrù jù. Bí ẹ bá tẹ àyà síwájú díẹ̀, tí ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, ìdí àti ẹ̀yìn itan á bá a gbé e. Bí ẹ bá ya ẹsẹ̀ gbòòrò, inú itan á wọ iṣẹ́. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ jìnnà, ìdí á túbọ̀ jí. Nítorí náà, ẹni tí iwájú orúnkún ń dùn lè ti ìdí sẹ́yìn, kó má sọ̀kalẹ̀ jìnnà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ti àwọn tó ní kí ẹ yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta tàbí sínú kí iṣan kan ṣoṣo lè jí nígbà tí ẹ bá ń lóṣòó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣeré. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

ỌMỌ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ, GBỌ́ TÌRẸ

Ìwọ àbúrò mi tó ń lóṣòó ní ìgbà 100, o ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n iwájú itan lo ń kọ́, ẹ̀yìn ló sì já. Bí o bá ń dìde láti ìlóṣòó, ìgbáròkó ń mú kí ẹ̀yìn itan kúrú, orúnkún tún ń mú kí ó gùn. Ó kàn wà láàárín bí ẹni tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ tí ó ṣe kò pọ̀. Nínú eré sísá, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń fò síwájú kó tó balẹ̀ ni ẹ̀yìn itan máa ń já jù, nítorí òun ni bíréèkì nígbà yẹn. Wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sáré mítà 100 onífífò ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní July 2022, tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí. Iwájú itan ń gbé ẹsẹ̀ fò, ẹ̀yìn itan ń gbá a mú wálẹ̀. Bí ọ̀kan bá lágbára tí èkejì rọ, ìjàǹbá ń bọ̀.

Ṣe báyìí. Dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ká orúnkún, fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, kí o gbé ìdí sókè. Bí gìgísẹ̀ bá súnmọ́ ìdí, ìdí ló ń ṣe é jù. Bí o bá sún un jìnnà, ẹ̀yìn itan á gbà á. Èyí tó le ju ìyẹn lọ, tí ó wà fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti san, ni kí o kúnlẹ̀ lórí nǹkan rírọ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ mú, kí o wá jẹ́ kí ara rẹ ṣubú síwájú díẹ̀díẹ̀, ní gbọnrangandan, kí o sì fi ọwọ́ gba ara rẹ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn oníwádìí kó èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbábọ́ọ̀lù jọ ní 2019, ẹgbẹ́ tó fi eléyìí kún ìgbáradì wọn ní ìjàǹbá ẹ̀yìn itan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín sí ti àwọn tí kò ṣe é. Márùn-ún péré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ o. Yóò ro ọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, má bẹ̀rù.

ÌGBÀ MÉLÒÓ, ỌJỌ́ MÉLÒÓ?

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín. Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé méjì tó kẹ́yìn ń le díẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn géńdé ń gbọ́ ìpè. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, itan kò ní tóbi, síbẹ̀ agbára yóò ti máa wọlé. Ọpọlọ ló ń kọ́ bí a ṣe ń pè wọ́n. Ara itan yóò tẹ̀ lé e nígbà tó bá yá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bí orúnkún bá ro díẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò burú. Bí ó bá jí pẹ̀lú wíwú, ẹ ti ṣe jù, ẹ dín in kù.

Ẹ ṣọ́ra o. Orúnkún tó gbóná tó pọ́n tí ibà bá a dé, orúnkún tó há tí kò ṣe é nà mọ́, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ẹni tó rin ìrìn àjò gígùn tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, tàbí tí mímí wá ń nira, kó má ṣe eré ìdárayá kankan, kó tètè rí dókítà. Ẹ má sì máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín lábẹ́rẹ́ sínú orúnkún ní ẹ̀yìn gáréèjì. Oògùn ara ríro tí ẹ ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbéèrè lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń jí iṣan wà, àwọn ni wọ́n ń pè ní físíò. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti 1966, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà nílùú Oǹdó náà ń kọ́ wọn, ọ̀nà Ore sí ibẹ̀ kò sì jìnnà. Bàbá awakọ̀, nítorí pé orúnkún yín ń wú, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí físíò sì tọ́ yín sọ́nà. Ẹ sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé mo kí wọn, ìjókòó tí wọ́n ní kí ẹ jókòó, ẹ óò jókòó o. Ṣùgbọ́n ẹ óò máa dìde, ẹ óò máa jókòó, ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá, láìdi nǹkan mú. Kí wọ́n máa bá yín kà á.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ó bá ṣe ń lọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.